Ọ̀nà Tí Wọ́n Tún Ṣe Dè Wá

Òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Bí ará ilé kejì wa ní Ọ̀yọ́ níbí bá ti gbé ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ síta láàárọ̀ Sátidé, màá dìde, màá lọ ti fèrèsé, ọkọ mi á sì ṣe bí ẹni tí kò rí mi, nítorí ó mọ ohun tó ń ṣe mí. Àwọn ẹlòmíràn á gbóòórùn koríko, wọ́n á rántí pápá ilé ìwé tàbí oko bàbá wọn. Èmi, ọ̀nà pupa kan lápá Ìrẹsà ni mo máa ń rántí, ọ̀nà tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní, tí wọ́n gé koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí iyanrìn tí wọ́n dà sí i ṣì tutù lábẹ́ táyà ọkọ̀ wa. N kò rí ọ̀nà abúlé tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. N kò sì rí èyí tó bà mí nínú jẹ́ tó o.

Ìwọ náà ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, o mọ bó ṣe máa ń rí. Ìjọba ìbílẹ̀ kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà nígbà náà, ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde, àwọn tó ń rí sí títì, afárá àti gọ́tà. Orúkọ ipò tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn mi gùn débi pé ẹni tó kùn ún ní láti já a sí ìlà méjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Gbogbo abúlé ló ń fẹ́ ọ̀nà, owó ìjọba kì í sì í kárí. Èmi ni mo máa ń yẹ ohun tí kálukú wọn béèrè wò, tí màá kọ ọ́ sínú ètò ìṣúná pé èyí ni kó ṣáájú, èyí lè ní sùúrù. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni mo ń wọ ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí màá dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí oòrùn tó mú, ó tún di Fúráìdè kí ọkọ mi tó rí mi. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ti wo èèyàn lójú, mo ti mọ ohun tí yóò ná ìjọba. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Mo gbà lọ́kàn mi pé bí èèyàn bá fi òótọ́ ṣe é, ẹni tí ìyà ń jẹ jù ni yóò kọ́kọ́ rí ìrànlọ́wọ́ gbà.

Nọ́ọ̀sì kan ló mú mi mọ abúlé náà. Ó dàgbà jù mí lọ, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, kì í wọ bàtà lọ́jọ́ ìsìn, ṣùgbọ́n bàtà òjò aláwọ̀ ewé ló máa ń wọ̀ wá sí ọ́fíìsì wa ní gbogbo ìgbà òjò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì fi ẹrẹ̀ kun ilẹ̀ wa láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú tábìlì mi. Òun nìkan ni òṣìṣẹ́ tó wà ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà ní abúlé yẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá wá. Odò kan ló gé wọn kúrò lára ọ̀nà tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà ẹ̀rùn, èèyàn lè fẹsẹ̀ là á kọjá, kò ní kàn án ju kókósẹ̀ lọ. Bí òjò bá ti wá bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tó bá láyà. Bí ìrọbí aláboyún bá sì ju agbára rẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó gbé e lọ, odò náà ni kò sì ní jẹ́. Obìnrin kan ti kú lọ́wọ́ rẹ̀ létí odò yẹn, lórí ẹní, níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń retí kí omi fà.

"Ẹ wá fojú ara yín rí i, ma," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ìwé ò lè sọ ọ́ fún yín."

Mo bá a lọ. Ọ̀kadà ló gbé wa, òjò sì pa wá dé egungun. Nígbà tí a dé etí odò, mo bọ́ bàtà mi, mo ká aṣọ mi sókè, ọkùnrin méjì dì mí lápá mú, omi náà sì ga dé itan mi, ó ń fà mí bí ẹni tó ń bá mi jà. Ní òdìkejì, nọ́ọ̀sì nawọ́ sí abẹ́ igi kan. "Ibẹ̀ yẹn ló kú sí," ó wí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju koríko àti kókò igbó lọ. Mo dúró, mo ń wo ibẹ̀, òjò ń rọ̀ lé mi lórí, mo sì sọ fún ara mi pé abúlé yìí ni yóò ṣáájú lọ́dún tó ń bọ̀, bó bá di ìjà kó di ìjà. Mo ya fọ́tò odò náà. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo sì fi afárá wọn sí òkè pátápátá.

Ṣùgbọ́n ìjọba kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́. Ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ lọ wo gbogbo ọ̀nà tí a bá kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ọkọ̀ kò lè gbà rárá, èyí tí ọkọ̀ lè fi ipá gbà, àti èyí tí ọkọ̀ lè gbà. Àwọn àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni owó máa ń ká. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ni pé ìgbà ẹ̀rùn ni ìgbìmọ̀ náà máa ń jáde, nítorí pé ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ìjọba lè rìn dé ibi tí wọ́n fẹ́ lọ. N kò fi rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ́fíìsì a sì máa ránṣẹ́ sí baálẹ̀ ṣáájú pé àwọn èèyàn ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí o kò lè ṣàdédé já wọ ìlú onílùú.

Ọjọ́ tí a lọ, alága ìgbìmọ̀ náà jókòó síwájú nínú jíìpù, èmi àti àwọn méjì mìíràn wà lẹ́yìn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, n kò fẹ́ kí o rò bẹ́ẹ̀. Kì í gba ẹ̀bùn, kì í jẹun ní ibi tó bá lọ yẹ̀ wò, ohun tó bá rí ló máa kọ. A yà kúrò lójú títì, a wọ ọ̀nà oko, òórùn koríko tútù sì gba fèrèsé wọlé. Mo yọjú. Wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà balẹ̀. Gbogbo kòtò tí mo mọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fi òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ pupa dí i, wọ́n sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán. Nígbà tí a dé etí odò, wọ́n ti gé igi ọ̀pẹ, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí omi tó ti gbẹ kù díẹ̀ yẹn, wọ́n da iyanrìn lé e lórí, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Àpá ìgbálẹ̀ náà hàn lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ya ìlà. Jíìpù wa gun orí rẹ̀, ó kọjá, kò tilẹ̀ mì.

"Ọ̀nà yìí mà dáa," ni alága wí.

Gbogbo abúlé ló ti dúró dè wá, tọkùnrin tobìnrin, nínú aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Baálẹ̀ jáde sí wa, àgbàlagbà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ kú ewu! Ẹ ò rí wàhálà kankan lójú ọ̀nà, àbí? A ní ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan omi." Agboolé kọ̀ọ̀kan ló yọ ọkùnrin, ó wí, kò sì sẹ́ni tó lọ sóko láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé à ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé omi wá fún wa, obìnrin kékeré kan tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bàbá náà kò lè pa á mọ́ra. Ó ní ó pẹ́ kí oyún náà tó dé, pé bí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, òun náà á di bàbá àgbà. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó gbé ife lé mi lọ́wọ́.

"Ṣé ọ̀nà náà dáa, ma?" ó bi mí. "Èmi náà gbé iyanrìn o. Wọ́n ní kí n má gbé e, mo ní màá gbé e."

"Ó dáa," ni mo dá a lóhùn. "Ó dáa gan-an ni."

Mo fa alága sẹ́yìn jíìpù. Gẹ̀ẹ́sì la fi jiyàn, kí àwọn onílé má baà gbọ́. Mo sọ fún un pé nítorí wa ni wọ́n ṣe tún un ṣe, pé òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa ló máa kó gbogbo igi yẹn lọ. Mo yọ fóònù mi, mo fi fọ́tò odò náà hàn án. Ó wò ó dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ohun tí òun bá rí lọ́jọ́ tí òun wá ni wọ́n ní kí òun kọ. Bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀, kò sí abúlé tí kò ní sọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà tirẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé ọkọ̀ lè gbà á. Wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ síwájú wa, òun kò jẹ, èmi bu òkèlè kan, mo ṣan ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì kò sí nílé. Ó ti gbé aláìsàn kan lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ká ní ó wà ńlé ni, kò ní gbà fún wọn. Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ ni ọ̀kadà gbé e dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo jíìpù wa, ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló tún ọ̀nà yìí ṣe?"

"Àwa ni o, nọ́ọ̀sì!" ni baálẹ̀ dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Gbogbo wa pátá!"

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an." Ó sì kọjá lọ sí ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Orí àtẹ̀gùn ni mo bá a, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lérí, kò sunkún. N kò ní láti ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ wo bí inú wọn ṣe ń dùn." Mo ṣèlérí fún un.

Ọ̀yọ́ níbí ni wọ́n ti ṣe ìpàdé tí wọ́n fi parí ètò náà, nínú gbọ̀ngàn kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń mú gbogbo wa gbọ̀n. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo gbé fọ́tò dìde, mo sọ̀rọ̀ obìnrin tó kú létí odò. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ mi, kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n wo ohun tí ìgbìmọ̀ kọ, wọ́n sì gbé afárá náà sí ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà a jáde lọ mu tíì. Mo fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà, n kò wọ ọ̀kadà, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi.

Nígbà tí mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù tí mo sọ fún un pé ó di ọdún tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. "Ọmọ baálẹ̀ á bí kó tó dìgbà yẹn," ó wí. A jọ ṣètò pé bí oṣù rẹ̀ bá ti ń pé, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ ìbátan ọkọ rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí ilé ìwòsàn, títí yóò fi bímọ. Ọmọbìnrin náà gbà. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ni kò dúró de oṣù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, lẹ́yìn òjò tó ti ń rọ̀ láti ìdájí, fóònù mi dún. Omi tó ń hó ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì. "Omi ti gbé igi yẹn lọ, ma. A wà létí odò. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀." Mo sáré bá ọ̀gá mi, ó fún mi ní ọkọ̀ àti dírẹ́bà lójú ẹsẹ̀, a sì gba ọ̀nà náà lọ bí ẹni tí orí ń dàrú. Nígbà tí a débẹ̀, àwa wà ní apá tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wà ní òdìkejì. Mo ń rí wọn. Wọ́n ta ọ̀rá sórí igi bí àgọ́, ọmọbìnrin náà wà lórí ẹní lábẹ́ rẹ̀, baálẹ̀ dúró láìdé fìlà. Àwọn ọkùnrin ti so okùn mọ́ra, wọ́n gbìyànjú títí, ṣùgbọ́n ẹni tó lágbára ni omi yẹn ń gbá lọ, ká má tíì sọ ẹni tí wọ́n á gbé. Mo rí nọ́ọ̀sì tó gbé ọmọ kan sókè, tó fi aṣọ wé e, tó gbé e fún ìyá àgbà kan. Ẹnu ọmọ náà ń là, àmọ́ omi ò jẹ́ kí n gbọ́ igbe rẹ̀. Mo ní, "Olúwa o ṣeun." Nọ́ọ̀sì tún kúnlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi bo ojú obìnrin náà.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Dírẹ́bà ló gbé mi dìde. Ilé ìwòsàn kò jìnnà síbẹ̀, ọkọ̀ wa ti dojú kọ ọ̀nà rẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn.

Ìgbà tí omi fà ni mo lọ kí wọn. Mo tún bọ́ bàtà, mo tún fẹsẹ̀ la odò kọjá. Baálẹ̀ dìde sí mi láti orí ìjókòó rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ má bínú, ọ̀nà ò dáa," ó wí. "Ká ní a mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ ni, à bá ti tún un ṣe." Mo sunkún, ó sì ń pẹ̀tù sí mi nínú, èmi tí mo wá tù ú nínú.

Wọ́n kọ́ afárá náà lọ́dún kejì, kọnkéré, ó lágbára. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo lọ wò ó, baálẹ̀ sì mú mi rìn lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Bàbá náà dúró láàárín, ó fọwọ́ lu irin rẹ̀. "Ẹ ò rí i?" ó wí. "Iṣẹ́ tí a ṣe lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá yẹn ò já sí asán. Ìjọba rí i pé a mọ èèyàn gbà lálejò. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni." Mo wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń wo omi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Mo ti wá ẹni tí màá bínú sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí i. Alága yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ará abúlé ṣe ohun tí àwọn òbí wọn kọ́ wọn. Mo bá wọn fà á ní ọ́fíìsì títí wọ́n fi gbà pé ìgbà òjò ni kí a máa lọ wo ọ̀nà tó bá ní odò, láìránṣẹ́ ṣáájú, kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ìwà àìmọ̀wàáhù ni, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù fún mi nìyẹn. Mo máa ń gbọ́ pé baálẹ̀ ṣì ń fi ọjọ́ tí wọ́n tún ọ̀nà ṣe yẹn yangàn fún àlejò, ọmọ ọmọ rẹ̀ á sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé. Ìwọ tí mo sọ ọ́ fún yìí, jọ̀wọ́, jẹ́ kó parí síbí.

Ṣùgbọ́n bí òórùn koríko yẹn bá ti dé, ọmọbìnrin yẹn ni mo máa ń rí, lórí ìkúnlẹ̀, tó gbé ife omi lọ́wọ́, tó ń bi mí bóyá ọ̀nà náà dáa. Mo sọ fún un pé ó dáa. N kò purọ́ fún un. Ọ̀nà náà dáa gan-an ni.